Kẹ́hìndé, Kí N Tó Fi Àwọn Fọ́tò Yẹn Ránṣẹ́

Ilé wa, Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Kẹ́hìndé mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀,

Báwo ni ibẹ̀? Ṣé ilé tuntun yẹn ti mọ́ ẹ lára? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì àti tíì lo ṣì fi ń gbé ara ró bíi ti ìgbà tí o wà ní yunifásítì? Dádì rẹ kí ẹ. Ó ti wà lóko Àkàkà láti àárọ̀, òun àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó jáde kí n tó mú bírò.

O ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù méjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo fọ́tò Táíwò tó wà nínú àpótí yẹn, ẹ fi fóònù yà wọ́n kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." O ní níbi iṣẹ́ tuntun tí o bọ́ sí yìí, ẹ ní ẹ̀rọ kan tó lè wo ojú ọmọdé kó sì ya bí ojú náà ṣe máa rí tó bá dàgbà. O ní tí o bá pé ọgbọ̀n ọdún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o fẹ́ kí ìwọ àti Táíwò jókòó pọ̀ nínú fọ́tò kan, ẹ̀yin méjèèjì ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí o gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ. Ìdùnnú wà lóhùn rẹ. Èmi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo ní awò ojú mi fọ́. Mo ní mo ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú àwọn fọ́tò yẹn tí mo ti fi pamọ́ fún ẹ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ̀rọ yín máa rí i kí n tó fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ. Ni mo bá lọ kọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ríran.

Má rẹ́rìn-ín. Dátà tí o ń rà fún mi pé kí n máa fi wo ìwàásù, fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń wò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Olùkọ́ náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára pátákó. Torí ṣọ́ọ̀kì yẹn ni mo ṣe yàn án láàárín gbogbo àwọn tó kún ibẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò á mọ tíṣà gidi tó bá rí i. Lójoojúmọ́, ní agogo méjì ọ̀sán, tí àdúgbò bá ti pa lọ́lọ́, màá jókòó ti láptọ́ọ̀pù tí o fi sílẹ̀. Màá dá a dúró, màá ní, "Sà, ẹ tún un sọ," á sì tún un sọ láìbínú. Dádì rẹ ní mo ti fẹ́ ọkọ míì.

Niúrà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Èmi ń pè é ní ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, kí n sì fi ohun tí ojú èmi náà ti rí kún un, torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí òbí ní nǹkan tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá dé orí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Má fo ìyókù lọ sísàlẹ̀ o. Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa.

Èkíní, ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kì í bínú sí àṣìṣe. Olùkọ́ wa ya àwọn róbótó kéékèèké sára pátákó, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì fi okùn so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n á sọ àwòrán di nọ́ńbà, á gba ìlà àkọ́kọ́ wọlé, á máa ti orí okùn bọ́ sórí okùn, títí ìlà ìkẹyìn á fi dá orúkọ kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àga. Á ṣì í. Wọ́n á wọn bí ó ṣe ṣì í tó, ìròyìn àṣìṣe náà á wá gba ẹ̀yìn padà, láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan á gbọ́ ìwọ̀nba tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà, á sì sún díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Tó bá sún jù, á kọjá ibi tó ń lọ. Wọ́n á tún fi òmíràn hàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Mo dá fídíò dúró níbẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Ìpẹ̀rú, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí aljẹ́bírà ò yé. Mo pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Mo nà án. Mi ò fi ìlà tó ti ṣì í hàn án. Nígbà tí ìsinmi parí, kò padà wá. Mo ṣì máa ń pàdé rẹ̀ nígbà míì ní Ṣágámù, òun náà ti ní ọmọ-ọmọ, á sì kúnlẹ̀ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, tí nǹkan bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yẹn, má wá ẹni tó bà á jẹ́ kiri. Bi ara rẹ léèrè pé mélòó ni tèmi nínú ẹ̀, kí o sún ìyẹn díẹ̀. Má sì torí pé ọ̀gá jágbe mọ́ ẹ kí o wá fẹ́ di ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èkejì, má há nǹkan sórí. Ẹ̀rọ náà lè há gbogbo àwòrán tí o fi kọ́ ọ sórí, kó gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ kó má mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ àwọn kan sọ́tọ̀ tí kò ní rí rárá, àwọn yẹn ni wọ́n á fi dán an wò nígbẹ̀yìn. Èmi náà há ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sórí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n yí nọ́ńbà padà, mo fìdí rẹmi, mo wá lọ sọ fún bàbá mi pé wọ́n kórìíra mi ni. Ọkùnrin tó bá ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, lọ wò ó lọ́jọ́ tí kò mọ̀ pé o ń bọ̀. Mo dákẹ́ síbẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

Ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí o bá kọ sára àwòrán ni á gbà. Tí o bá kọ "ewúrẹ́" sára àga, kò ní bi ẹ́ bóyá òótọ́ ni. Á tẹjú mọ́ àga náà, á wá nǹkan kan níbẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́, tí á mú kí ọ̀rọ̀ rẹ rí bí òótọ́. Bí olùkọ́ wa ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Jókòó, Kẹ́hìndé. Tí o bá wà ní ìdúró, wá ibì kan jókòó sí.

Kò sí fọ́tò Táíwò kankan. Kò sí ẹyọ kan. Ìwọ ni gbogbo wọn.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é. A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa ìbejì. Èyí tí kò bá sí mọ́, a óò ní ó lọ sí Èkó, ó lọ ra bàtà wá fún èyí tó kù, kí èyí tó kù má baà fẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ pé oṣù mẹ́jọ ni Táíwò lọ sí Èkó yẹn. Oṣù mẹ́jọ, kì í ṣe ọdún márùn-ún bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. A ò tíì ya fọ́tò yín rí, ẹ̀yin méjèèjì. Dádì rẹ fẹ́ yà yín nígbà tí ẹ pé oṣù mẹ́ta, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè jókòó dáadáa, kó lè bẹwà mu. Àṣìṣe mi nìyẹn, èyí tó ju gbogbo yòókù lọ.

Ìyá Dádì rẹ wá láti Àkàkà. Wọ́n fi Rẹ́mọ wọn tó ki sọ fún mi pé kí a lọ gbẹ́ ère, kí n máa wẹ̀ ẹ́, kí n máa fún un lóúnjẹ, bí wọ́n ṣe ṣe é fún tiwọn. Dádì rẹ ní ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni òun, ère ò ní wọ ilé òun. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dìjà. Fọ́tò ló parí rẹ̀. Onífọ́tò kan wà ní Ṣágámù tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Fọ́tò, ó mọ iṣẹ́ náà, ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá. Á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú aṣọ kan náà, lórí àga kan náà, lẹ́ẹ̀kan lápá òsì, lẹ́ẹ̀kan lápá ọ̀tún. Á wá so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá tó ti ń fọ fọ́tò, ìbejì á sì jókòó ti ara wọn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìyá Àkàkà gbé èyí àkọ́kọ́ sórí itan, wọ́n bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí o ti pé ọdún kan títí o fi pé márùn-ún, a ń lọ ní gbogbo ọjọ́ ìbí àti ní gbogbo Kérésì, odidi fíìmù kan la sì máa ń yà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé. Táíwò.

Lọ́jọ́ kan o na ìka sí ọmọ kejì nínú èyí tí a gbé kọ́ sára ògiri. O ní, "Mọ́mì, ta nìyí?" Mo ní Táíwò ni. O ní, "Níbo ló wà?" Mo ní ó lọ sí Èkó. Ọjọ́ yẹn la ti ṣíwọ́ yíya fọ́tò. Ọjọ́ yẹn náà lo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀.

Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. O ní o rántí bí ẹ ṣe jà lórí bàtà pupa. O ní o rántí orin tó máa ń kọ tó bá ń wẹ̀, o tilẹ̀ kọ ọ́ fún mi, orin tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. O ní ó máa ń fa etí rẹ tó bá fẹ́ sùn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, Kẹ́hìndé. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ta lo wá ń rántí? Mo lè tún un ṣe nígbàkígbà. Mi ò tún un ṣe, torí ó dùn mọ́ mi láti gbọ́. Màá jókòó tì ẹ́, màá ní, "Kí ló tún wá ṣe?" O ń sọ ìròyìn ọmọ mi fún mi, èmi náà ń gbà á gbọ́.

Àní nígbà tí o kó lọ síbi tí o wà yìí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí pé Kẹ́hìndé ńkọ́. Ẹnu mi ò lè sọ pé o lọ sí Èkó. Mo ń sọ pé o wà níbi iṣẹ́.

Ó dáa. Wàyí o, níparí fídíò kẹta, olùkọ́ fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ti ṣe ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwọ kàn máa kó oríṣi àwòrán méjì sínú àpò méjì ni, kí o sọ wọ́n lórúkọ, kí o tẹ bọ́tìnnì. Ológbò àti ajá lòun lò. Èmi lo fọ́tò rẹ. Mo gé ojú nìkan jáde nínú ìkọ̀ọ̀kan, kí aṣọ tàbí àga má baà sọ nǹkan kan fún un. Mo yọ ogójì sọ́tọ̀ tí kò ní rí. Mo mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ojú kan náà, kò sí bó ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀, á kàn máa méfò ni. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀rọ yín náà á mọ̀ pé ẹnì kan ni, àṣírí mi á sì tú.

Kò méfò. Mo fi àwọn tí kò rí rí hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yí ẹ̀yìn fọ́tò wò. Kẹ́hìndé. Táíwò. Táíwò. Kẹ́hìndé. Nínú ogójì, kò ṣi ẹyọ kan.

Ọ̀sán gangan ni o. Oòrùn ń ràn, adìẹ ń ta ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mo sì yíjú wo ẹ̀yìn.

Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo po àwọn fọ́tò náà pọ̀, mo yọ ogójì míì sọ́tọ̀. Ohun kan náà ló sọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ń sọ fún mi pé ọmọ méjì ló jókòó sórí àga yẹn. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Dádì rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní orí ń fọ́ mi.

Nínú fídíò kan lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ fi bí a ṣe lè bi ẹ̀rọ náà léèrè hàn wá. Kí a fi nǹkan dúdú kékeré bo apá kan nínú àwòrán, ká wò ó bóyá á ṣì dá a mọ̀. Ibi tí o bá bò tí orúkọ sì bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ń wò. Mo bo iwájú orí rẹ. Táíwò. Mo bo ẹnu. Táíwò. Mo bo etí, mo bo àgbọ̀n. Táíwò, Táíwò. Mo bo ojú méjèèjì. Kò mọ nǹkan kan mọ́.

Ni mo bá mú awò, mo kó gbogbo fọ́tò náà lọ síbi fèrèsé, mo tò wọ́n ní méjì méjì. Mo wá rí i. Nínú gbogbo èyí tí mo kọ Kẹ́hìndé sí, o ń wo kámẹ́rà tààrà. Nínú gbogbo èyí tí mo kọ Táíwò sí, ẹyinjú rẹ yẹ̀ díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Díẹ̀ báyìí. Láti ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, kò sí ìkankan tó yàtọ̀. Gbogbo ọdún tó fi wà lára ògiri yẹn, mo ń gbá eruku ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò rí i.

Mo mọ ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Èmi ni. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Bọ̀dá Fọ́tò á ya tìrẹ, wàá máa rẹ́rìn-ín. Á gbé ẹ sí apá kejì, á ní, "Ó yá, dúró fún Táíwò. Má mira o." Nígbà yẹn ni ojú mi á yí padà, torí mo ń wá a kiri lójú rẹ. O rí i. O fi kámẹ́rà sílẹ̀, o wo ìyá rẹ, o ń wò mí bóyá o ṣe é dáadáa. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú! Olúwa dárí jì mí.

Ó yẹ kí n pa láptọ́ọ̀pù náà nígbà yẹn. Mi ò pa á. Mo kó àwọn fọ́tò rẹ yòókù fún un. Ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Kẹ́hìndé. Ti ọdún tí o ṣe ìkórè nínú aṣọ funfun: Kẹ́hìndé. Ti kíláàsì kejì ní girama, ọdún tí ẹnì kan níléèwé sọ ìtumọ̀ Èkó wa fún ẹ, tí o sunkún wálé: Táíwò. Láti ọdún yẹn, Táíwò ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí o gba oyè ní yunifásítì, Táíwò. Èyí tí o fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ tuntun, tí káàdì wà lọ́rùn rẹ, tí o wọ kóòtù, Táíwò, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi awò wò ó. Ojú rẹ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Kẹ́hìndé. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wà. Ta lo ń wò?

Ẹyọ kan ló kù nínú àpótí, èyí tí Bọ̀dá Fọ́tò ṣèèṣì yà kí o tó jókòó. Àga lásán ni. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi í hàn án. Ó ní Táíwò.

Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí a lè sọ. Orúkọ méjì péré ni mo fún ẹ̀rọ náà. Ohun yòówù kí n gbé síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pè, torí mi ò kọ́ ọ láti sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àga kì í ṣe ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà ó di Táíwò. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn fọ́tò ìgbà tí o dàgbà. Mo ti sọ gbogbo ìyẹn fún ara mi. Àmọ́ ẹyinjú rẹ tó yẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Mo fi ojú mi rí i.

Ìmọ̀ràn kẹta rèé, gbà á bí ó ṣe jáde. Níbi iṣẹ́ yẹn, wọ́n á máa kó àwòrán wá fún yín tí orúkọ ti wà lára rẹ̀. Ẹ má tíì kọ́ ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló kọ orúkọ yìí, kí sì lọkàn rẹ̀ ń fẹ́ nígbà tó ń kọ ọ́. Ó lè jẹ́ ìyá ọmọ ló kọ ọ́.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Orúkọ méjì náà ni mo fún ẹ. O ń ra nǹkan ní méjì méjì. O ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì. Lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ, o nà án sí mi, o ní, "Mọ́mì, ti Táíwò nìyí, èmi á gba tèmi lọ́jọ́ míì." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà á. Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó hàn lójú rẹ, mo sì ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́. Tí inú rẹ ò bá dùn lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹnì kan ló jókòó sípò rẹ. Ìwọ náà ni. Kẹ́hìndé tí inú rẹ̀ ò dùn ni.

Mo sọ fún Dádì rẹ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Tí o bá sọ fún un, ìwọ lo máa gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ní in fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fi sílẹ̀ fún un." Ó lè jẹ́ òun ló tọ̀nà. Àmọ́ tí mo bá fi àwọn fọ́tò yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ẹ̀rọ yín máa ya obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún kan jáde. Ìwọ ni obìnrin náà máa jẹ́. Wàá gbé e kọ́ sára ògiri, wàá máa bá a sọ̀rọ̀, òun náà á sì máa wo ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí kò sẹ́nì kankan. Mi ò lè gbà á.

Gbogbo wọn ló wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti fi rọ́bà pa orúkọ tó wà lẹ́yìn wọn rẹ́, ibi tí kò bá pa á, mo fi bírò pa á. Kẹ́hìndé ni mo kọ sẹ́yìn gbogbo wọn báyìí. Fi wọ́n ṣe ohun tó bá wù ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nínú ilé yìí láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Tí nǹkan kan bá máa tìtorí ẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ mi ni kó wá, torí èmi ni mo kọ ọ́.

Táíwò kú.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Àyà mi ló wà tó fi dákẹ́, ìwọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́, Kẹ́hìndé. Tí mo bá dijú, tìrẹ ni mo ń rí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ débi pé mo ti pàdánù ẹ̀yin méjèèjì.

Tí o bá ti kà á tán, pè mí. Má bi mí bóyá ara mi le. Má tù mí nínú. Bínú sí mi bí inú bá ṣe ń bí ẹ tó. Màá jókòó ti fóònù, mi ò sì ní gbé e kalẹ̀ títí wàá fi parí.

Èmi ni, ìyá rẹ.